ÌTÀN ÌLÚ TÍ A Ń GBÉ: ÌRÌN-ÀJÒ ỌJỌ́ KAN LÁTI ÀÀFIN DÉ ÀÀFIN

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja! Àwọn àgbà ní ìlú tí a bá ń gbé là á tún ṣe. Ṣùgbọ́n a kò lè tún ìlú tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ ṣe. Bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, ẹ fi ọjọ́ kan mú wọn rìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Zuba, níbi tí àwa oníṣòwò ti ń ra ọsàn. Ibẹ̀ ni Muhammadu Makau, ọba Hausa tí ogun jìhádì lé kúrò ní Zaria, sá wá fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n pa á níbi ogun Lapai ní 1825. Àbúrò rẹ̀, Abu Ja, jọba, ó sì tẹ ìlú Abuja dó ní 1828. Nítorí pé ó pupa ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ja.

Lójú ọ̀nà Kaduna, ẹ ó rí àpáta Zuma, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦100 tó jáde ní 1999. Ẹ gba ibẹ̀ wọ Suleja. Suleja yìí gan-an ni Abuja àtijọ́! Ìgbìmọ̀ tí ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akinola Aguda, ṣe alága rẹ̀ ló yan ilẹ̀ olú-ìlú tuntun. Nígbà tí ìjọba ṣòfin rẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì 1976, orúkọ ìlú yìí ni wọ́n gbà. Ìlú náà wá ń jẹ́ Suleja, láti ara orúkọ ọba wọn ìgbà náà, Suleiman Barau, àti Ja. Títí dòní, Sarkin Zazzau, èyí ni ọba Zaria, ni oyè ààfin ibẹ̀. Wọ́n pẹ́ lájò, wọn kò gbàgbé ilé.

Nírọ̀lẹ́, ẹ padà sí Garki, kí ẹ yà kí Sapeyi, ọba àwọn Gbagyi níbẹ̀. Àwọn ló ni ilẹ̀ kí ará Zaria tó dé, kí àwa náà tó dé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú, oko bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Kubwa. Orí oko wọn ni ṣọ́ọ̀bù wa wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa fìwé pè wọ́n síbi ìnáwó wa, ká sì máa bá wọn kẹ́dùn bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n. Gbagyi ni kí àwọn ọmọ wa máa pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ orúkọ Gwari.

Ẹgbẹ́ wa yóò máa lọ sókè. A ó kérè oko délé o. Àṣẹ.