Àlàfo Kékeré Inú Ọpọlọ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa nílé, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àríyànjiyàn ńlá kan tí ó wáyé láàárín àwọn ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Yúróòpù nípa ọpọlọ.

Ní 1873, Camillo Golgi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi èròjà fàdákà pa ọpọlọ láró, àwọn fọ́nrán tínrín inú rẹ̀ sì hàn dúdú gedegbe. Ó ní wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja. Ní 1888, Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Spéènì, lo aró kan náà, ṣùgbọ́n ó ní rárá o: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí ilé méjì tí ó súnmọ́ra tí àwọn ará inú wọn ń ké síra lójú fèrèsé. Ní 1897, Charles Sherrington ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe ibi ìpàdé náà ní synapse. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Síbẹ̀, nínú àsọyé tí Golgi ṣe níbẹ̀, ó tako Cajal.

Ta ni ó jàre? Láàárín 1950 sí 1960, awò alágbára tí ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi hàn pé àlàfo wà lóòótọ́. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 50,000, ìdá kan péré ni fífẹ̀ rẹ̀. Cajal ni ó jàre.

Kí ni kò wá jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra? Àwọn puròtéènì kan ni, tí ń na ọwọ́ kọjá àlàfo náà láti di ara wọn mú. Thomas Südhof àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas, ní Amẹ́ríkà, rí neurexin ní 1992, wọ́n sì rí neuroligin tí ń dì í mú lódìkejì ní 1995. Ní 2000, a fi neuroligin sára sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ti ọpọlọ. Fọ́nrán ọpọlọ tí ó kàn án bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ibi ìránṣẹ́ sí ojú ibẹ̀.

Ní hippocampus, apá ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ ìrántí, synapse kì í tóbi bákan náà. Èyí tí ó tóbi a máa ránṣẹ́ kíkankíkan. Ní 2010, àwọn olùwádìí yọ puròtéènì N-cadherin kúrò ní hippocampus ẹlírí. Synapse kò dínkù, ìrísí wọn kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ta wọ́n jí láti lágbára sí i, títóbi náà kò dúró pẹ́, agbára náà kò sì tọ́jọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, títóbi nìkan kò tó. Ohun tí ó bá tóbi nínú ọpọlọ ní láti rí ohun tí yóò dì í mú.