Kókó Inú Ọrùn, Àrùn Inú Egungun

Ní ọdún 1834, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù ra àgbáńréré kan tó wá láti Íńdíà sínú ọgbà wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹran náà lò lọ́dọ̀ wọn kó tó kú. Richard Owen ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún, ọkùnrin tó mọ ara ẹranko bí ẹni mowó. Bó ṣe ń la ọrùn rẹ̀ ló rí ohun kékeré kan, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó lẹ̀ mọ́ thyroid, ìyẹn gílándì tó máa ń wú lọ́rùn ẹni tó bá ní gẹ̀gẹ̀. Owen kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò sọ iṣẹ́ tó wà fún.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó tún jí. Ivar Sandström, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, rí irú rẹ̀ lọ́rùn ajá ní 1877. Ó wá a lára ológbò, ó wá a lára ehoro, màlúù àti ẹṣin, kó tó wá la ọrùn òkú èèyàn 50. Mẹ́rin ló sábà máa ń bá: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, lẹ́yìn thyroid gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Ó sọ wọ́n ní parathyroid, torí pé ẹ̀gbẹ́ thyroid ni wọ́n wà. Ìwé ìṣègùn kan ní Jámánì kọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó gùn jù. Uppsala ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1880, ní èdè Swedish tí ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ mìíràn kò gbọ́. Sandström kú ní 1889, ní ọmọ ọdún 37, kí ayé tó mọ ohun tó rí. Ó yẹ kí wọ́n yẹ́ ẹ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn oníṣẹ́-abẹ ti ń gé gẹ̀gẹ̀ kúrò lọ́rùn èèyàn ní Vienna àti ní ìlú mìíràn. Àwọn aláìsàn kan á jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara wọn á dà bí ẹni pé ó ti yá, àfi kí ìka ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, kí iṣan ara wọn máa gan. Àwọn mìíràn kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé thyroid tí wọ́n gé ló fà á. Ní 1891, Eugène Gley ní ilẹ̀ Faransé padà sórí iṣẹ́ Sandström, ó sì fi ẹranko hàn pé bí èèyàn bá yọ àwọn gílándì kéékèèké yẹn mọ́ thyroid ni ara máa ń gan bẹ́ẹ̀. William MacCallum àti Carl Voegtlin rí ìdí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1909: kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gún ẹranko náà ní abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, ara rẹ̀ á dẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ egungun ti wọlé. Kálísíọ̀mù kì í ṣe ohun tí egungun ń dá jẹ. Ọkàn ń lò ó láti lù, iṣan ń lò ó láti fà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wà nínú egungun àti eyín, bí àgbàdo ṣe ń wà nínú àká. Bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá dín, parathyroid á da họ́mónù rẹ̀ jáde. Họ́mónù yìí á bu kálísíọ̀mù láti inú egungun, á ní kí kíndìnrín má fi ṣòfò sínú ìtọ̀, á sì ti kíndìnrín láti sọ fítámì D di èyí tí ìfun lè fi gba púpọ̀ sí i láti inú oúnjẹ. Bó bá ti tó, á dáwọ́ dúró. Àìsàn ni tí kò bá dáwọ́ dúró mọ́.

Àwọn dókítà ti rí àìsàn náà tipẹ́, ojú egungun nìkan ni wọ́n ń wò. Friedrich von Recklinghausen kọ̀wé ní 1891 nípa àwọn tí egungun wọn di oníhò, tó ń tẹ̀, tó ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ thyroid nínú òkú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Jakob Erdheim ní Vienna ní egungun ló kọ́kọ́ bàjẹ́, pé ṣe ni parathyroid wú kó lè ràn án lọ́wọ́. Orúkọ Erdheim tóbi, ọ̀pọ̀ sì gbà fún un. Friedrich Schlagenhaufer ló ta kò ó ní 1915: bó bá jẹ́ egungun ló fà á, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló sábà máa ń wú? Ó ní kí wọ́n yọ kókó náà. Ìbéèrè tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun tó wí.

Ẹni tí wọ́n ṣe é fún jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tíráàmù ní Vienna. Egungun ń ro ó, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Dókítà rẹ̀, Felix Mandl, kọ́kọ́ tẹ̀ lé Erdheim: ó fún un ní oje parathyroid, ó tún gbin parathyroid ẹlòmíràn sí i lára. Kò gbádùn. Ní July 1925, Mandl la ọrùn rẹ̀, ó bá kókó kan níbẹ̀, ó sì yọ ọ́. Ìrora náà rọlẹ̀, ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àìsàn náà padà dé ní àwọn ọdún 1930, òun ló sì padà pa á. Ṣùgbọ́n ó ti hàn pé ọrùn ni orísun àìsàn egungun náà.

Ní Amẹ́ríkà, Charles Martell, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ni àìsàn yìí ń bá jà. Ọkùnrin gíga ni, ó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, àfi bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì fi íǹṣì méje kúrú. Egungun rẹ̀ ṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta sì wà nínú kíndìnrín rẹ̀. Ní 1926, Eugene DuBois ní New York sọ pé parathyroid ló ń ṣiṣẹ́ jù, wọ́n sì gbé e lọ sí Massachusetts General Hospital ní Boston. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n la ọrùn Martell títí di 1932 láì rí kókó kankan. A gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ìwé ìṣègùn, tó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n wo inú àyà òun. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún, àwọn gílándì yìí máa ń rìn láti òkè wá sísàlẹ̀, òmíràn sì lè kọjá ọrùn lọ sínú àyà. Edward Churchill àti Oliver Cope la àyà rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀keje iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì bá kókó náà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, òkúta dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀. Ìwé ìṣègùn a máa pè é ní aláìsàn. Olùwádìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ilé ìwòsàn kan náà ni Fuller Albright ti ṣiṣẹ́. Òun ló jẹ́ kó yé àwọn dókítà pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí ni egungun rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ òkúta inú kíndìnrín nìkan ni wọ́n ń rí. Ní 1941, ó fi hàn pé egungun ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń rù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dúró, torí pé họ́mónù obìnrin ti dín lára wọn. Albright fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n, àìsàn Parkinson ló ń ṣe é. Ní 1956, ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ òun. Ẹ̀jẹ̀ ya níbẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1969.

Kò sí ẹni tó lè wọn họ́mónù fúnra rẹ̀ dáadáa nígbà náà, ó kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀. Solomon Berson àti Rosalyn Yalow, ní ilé ìwòsàn àwọn sójà àtijọ́ ní Bronx, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ ta. Họ́mónù ínsúlínì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1963, wọ́n ti wọn ti parathyroid. Yalow gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Berson ti kú ní 1972, a kì í sì í fún òkú.

Ohun kan tún wà tó yani lẹ́nu. Ní 1929, Albright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé oje parathyroid lè mú kí egungun eku pọ̀ sí i. Họ́mónù tó ń bu egungun jẹ tí kò bá dáwọ́ dúró náà ló ń kọ́ ọ tí wọ́n bá ń gún un díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ kó tó di oògùn: ní 2002 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí teriparatide, tí wọ́n ṣe láti ara apá kan họ́mónù yìí, fún àwọn tí egungun wọn ti rù.

Nàìjíríà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Àwọn ọmọdé wà níbí tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Ìwé àwọn ará Yúróòpù ní fítámì D ni irú wọn kò ní, tí oòrùn ń ṣẹ̀dá rẹ̀ lára. Oòrùn wa kò kéré. Àwọn olùwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jos wo oúnjẹ wọn ní àwọn ọdún 1990: kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, parathyroid wọn sì ń fa èyí tó wà nínú egungun. Ní 1999, àwọn ti Jos tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 123 jáde. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù, tí wọ́n fi fítámì D kún un tàbí tí wọn kò fi kún un, ni egungun wọn san jù. Ti àwọn tó gba fítámì D nìkan kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá ohun tó wọ́pọ̀ tí wọ́n lè fi wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ẹja tí wọ́n lọ̀ tegungun-tegungun, egungun àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í le.