Àtinúdá, Àṣà àti Orúkọ Oníṣẹ́ láàárín Àwọn Yorùbá-Nàgó

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú tí Tokpota jẹ́ àdúgbò kan nínú rẹ̀ ní. Àwọn Yorùbá-Nàgó ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Gùn ń pè é ní Xọgbonu. Àwọn oníṣòwò Potogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo ní ọ̀rúndún 18, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe èbúté tuntun. Ṣùgbọ́n ìlú náà kì í ṣe tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀, wọ́n ti ní ọba, wọ́n sì ti ń ná ọjà. Ojú tí àlejò fi wò ó ni ó jẹ́ tuntun. Títí di òní, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì sí èyí tí ó pa èkejì rẹ́.

Ìbéèrè tí orúkọ yìí mú wá kan gbogbo ẹni tí ń kọ èdè Yorùbá-Nàgó sílẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí a lè pè ní tuntun pátápátá tilẹ̀ wà? Nígbà tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá jókòó ti àgbà kan ní Tokpota, tí ó gba àlọ́ tàbí orin lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà? Ṣé àgbà tí ó sọ ọ́ ni, àbí àwọn tí ó kọ́ ọ, àbí gbogbo ìlú? Bí a bá ní gbogbo ìlú ló ni ín, orúkọ àgbà náà kò ní hàn nínú ìwé. Bí a bá sì ní òun nìkan ló ni ín, a ti fi ẹ̀tọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ dù wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní 1975, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán mọ́. Ó ti di apá kan iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Èdè fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àtinúdá ni ohun tí a ti inú dá. Ṣùgbọ́n inú ọmọ ènìyàn kì í ṣe àpò tí ó dá kún fúnra rẹ̀. Ohun tí etí gbọ́, tí ojú rí, tí ọwọ́ sì kọ́, ni ó ń wọ inú kí ó tó tún jáde. Bákan náà, ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀dá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà: ọ̀kan ní ohùn òkè ní ìparí rẹ̀, ìkejì ní ohùn ìsàlẹ̀. Èyí kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti inú orísun kan náà jáde. Ó kàn ń rán àwọn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ létí pé ẹni tí ó bá fojú kékeré wo ohùn lè ka ẹ̀dà sí ẹ̀dá, kí ó sì ka ẹ̀dá sí ẹ̀dà.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín ni àṣà. Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ èdè, tí ó ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO, tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2020, kọ àlàyé kan lórí rẹ̀ tí ó jáde ní 1994. Ó fi hàn pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ṣà ni àṣà ti wá. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣà láàárín ọ̀pọ̀ ohun, pẹ̀lú ìmọ̀ ìtàn àti làákàyè, ni í di àṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tọ́ láti fi àṣà àti ohun tuntun ṣe ọ̀tá ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé àwọn Òyìnbó ti ṣe. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣa tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ṣà rárá, tí ó kàn ń gbé ohun tí ó bá nílẹ̀, kò tíì ní àṣà.

Ẹlẹ́rìí kejì wà ní Kétu. Nínú ìwé tí Geoffrey Parrinder kọ lórí ìtàn ìlú náà, èyí tí ó jáde ní 1956, ó ṣe àlàyé ipò Baba Ẹlẹ́gùn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Òun ni ó ń pa ìtàn ìlú mọ́ sórí, òun ni ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba nígbà tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ni pé àṣìṣe níbẹ̀ lè kó ewu bá a. Ní Kétu kan náà, àti ní gbogbo ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru ṣáájú ọjọ́ ijó. Orin tirẹ̀ ń ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ ọdún: ẹni tí ó jalè, ẹni tí ó fi agbára jẹ gàba, ohun tí ìjọba ṣe tàbí tí kò ṣe. Orin èṣí kò lè tó fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ èṣí ti kọjá.

Àwọn ènìyàn kan náà, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, ni ó dá ipò méjèèjì yìí sílẹ̀. Wọ́n yin Baba Ẹlẹ́gùn nítorí pé kò yí ohunkóhun padà. Wọ́n yin Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ nítorí pé ó mú ohun mìíràn wá. Nítorí náà, kì í ṣe òtítọ́ pé títún ohun àtijọ́ sọ nìkan ni àwọn baba ńlá mọ̀. Wọ́n mọ ìyàtọ̀, wọ́n sì yan ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó kọ orin tuntun kankan, ó ní láti kọ́kọ́ júbà: ó ń júbà àwọn ìyá, ó ń júbà àwọn òkú ọ̀run, ó ń júbà àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́. Ìjúbà yìí ni ó fi ń sọ ibi tí ó ti gbà á kí ó tó fi èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ hàn.

Ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ètò kan náà hàn lójú. Nísàlẹ̀ ni ojú ènìyàn wà, ojú tútù tí ó pa rọ́rọ́, tí kì í yí padà púpọ̀ láti ọwọ́ agbẹ́gilére kan dé ọwọ́ èkejì. Òkè orí ni agbẹ́gilére ti ń dárà: ẹyẹ àti ejò, obìnrin tí ó ru igbá ọjà, kẹ̀kẹ́, alùpùpù, máṣíìnì ìránṣọ, ọkọ̀ òfuurufú. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal ṣe àkójọ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ nínú ìwé wọn tí ó jáde ní 1983, Babátúndé Lawal náà sì kọ ìwé ńlá lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1996. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá rí. Síbẹ̀, bí kò bá sí ojú tútù nísàlẹ̀, kò sí ẹni tí ìbá pe ère náà ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, báwo ni ó ṣe di pé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ òkèèrè kún fún ère Yorùbá tí kò ní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó kó ère náà lọ ni kò béèrè. Ìtàn Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì jẹ́ àpẹẹrẹ. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àpérò ńlá ní Wembley, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ilẹ̀kùn náà wu àwọn òṣìṣẹ́ British Museum tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn èrò rí ilẹ̀kùn, wọn kò gbọ́ orúkọ ọlọ́nà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí kan tí ń jẹ́ John Pemberton. Orúkọ tí kò sí lára ilẹ̀kùn wà nínú oríkì ní gbogbo àkókò yẹn.

Láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ, tí ààlà 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín níyà, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. William Bascom bá Duga, agbẹ́gilére Ìmẹ̀kọ, ṣiṣẹ́ ní 1950, àlàyé tí ó kọ lórí ọkùnrin yìí sì jáde ní 1973. Nínú ìwé kan náà ni Robert Farris Thompson ti kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ ère wò ní Nàìjíríà àti ní Dahomey. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà, bíi jíjọra, dídán àti dídọ́gba. Ẹni tí ó bá lè sọ pé iṣẹ́ èyí dára ju ti ọ̀hún lọ ti mọ̀ pé ọwọ́ kò dọ́gba.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, èrò pé oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ohun tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni kì í ṣe ohun àtijọ́. Ìtàn tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Shakespeare fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú eré rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí olè. Òfin Gẹ̀ẹ́sì 1710 ni ó kọ́kọ́ fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí títẹ ìwé rẹ̀. Ní 1759 ni Edward Young tẹ ìwé jáde tí ó fi gbé àtinúdá ga ju àwòkọ́ṣe lọ. Nígbà tí Picasso, ní 1907, rí ojú-ère ilẹ̀ Áfíríkà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Páríìsì, ohun tí ó rí níbẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti dá ọ̀nà àwòrán tuntun sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ orúkọ ẹni tí ó yá nǹkan. Orúkọ àwọn tí ó yá a ní nǹkan kò sí nínú ìwé. Àìdọ́gba yìí ni ó yẹ kí ó dun ni, kì í ṣe yíyá fúnra rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan náà wáyé láàárín àwọn Yorùbá. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nígbà tí ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn Òyìnbó kan kà á sí ohun tí irú rẹ̀ kò sí rí, àwọn Yorùbá kan sì fi ẹ̀sùn kàn án pé Fágúnwà ni ó kó. Ìdáhùn tí ó tọ́ wà láàárín méjèèjì. Tutùọlá jẹ Fágúnwà ní gbèsè. Àwọn méjèèjì sì jọ jẹ àwọn apàlọ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ka ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ ọ̀kan tí yóò ṣì í mú fún ti èkejì.

Àjàṣẹ́ kò ṣaláìní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Mọ́sálásí ńlá àtijọ́ rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912, jẹ́ iṣẹ́ àwọn Àgùdà Mùsùlùmí, ọmọ àwọn tí ó ti Brazil padà bọ̀. Ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò a máa dúró wò ó. Ẹ̀dà ni bí a bá wo iwájú ilé. Ẹ̀dá ni bí a bá rántí pé ìrun kíkí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bákan náà ni ti Romuald Hazoumè, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì oníke, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé epo fàyàwọ́ wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní bidon, ni ó fi ń ṣe ojú-ère. La Bouche du Roi, iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó to irú ojú-ère bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ tí ó kó ẹrú, wọ British Museum ní 2007, ọdún kan náà tí ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní documenta ní Kassel, ní Jámánì. Kò dá kẹ́ẹ̀gì, kò sì dá ojú-ère. Ó rí ojú nínú kẹ́ẹ̀gì. Orúkọ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́wẹ̀ ní 1924.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn tí ń kọ̀wé. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé 1984 ní Bẹ̀nẹ̀, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2006, mọ iṣẹ́ ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ìbílẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sí ọ̀tọ̀. UNESCO náà kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Ohun rere ni ìwọ̀nyí. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé orin tí ènìyàn tí ó wà láàyè dá ní èṣí lè di ohun ìbílẹ̀ lọ́la, kìkì nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò béèrè orúkọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà béèrè ohun mẹ́rin, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i: orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ, ọjọ́ tí a gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un tàbí tí ó yí padà. Ìbéèrè kẹrin yìí ni a sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń fi àrà hàn. Kí a tẹ ìdáhùn rẹ̀ síwájú ìwé, ṣáájú àlọ́ tàbí orin, ní ibi tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ máa ń fi ìjúbà sí.