Ológoṣẹ́ Tata

Ológoṣẹ́ tata (Ammodramus savannarum) jẹ́ ẹyẹ kékeré inú pápá koríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orin rẹ̀ ń dún bí igbe tata. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gmelin ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́nà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1789. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrù rẹ̀ kúrú, ìlà funfun kan la àárín àtàrí rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ sì wà níwájú ojú. Àyà rẹ̀ kò ní ìlà. Èyí ló dára jù láti fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ológoṣẹ́ Savannah, tí ìlà kún àyà tirẹ̀.

Tata ni olórí oúnjẹ rẹ̀ nígbà ooru. Kó tó fi bọ́ ọmọ, á kọ́kọ́ gbọn ẹsẹ̀ tata náà dànù. Abo ló ń kọ́ ìtẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Á fi koríko ṣe òrùlé lé e, á sì dá ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ewu bá dé, kì í sábà fò kúrò nínú ìtẹ́. Abẹ́ koríko ló ń sáré gbà.

Bí pápá ti ń di oko ni iye rẹ̀ ń dín kù. Ẹ̀yà ti Florida ti wà lábẹ́ ààbò òfin ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti 1986. Ní 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n sìn sílẹ̀ sínú pápá.