Àwọn Ọba Shang àti Ìbéèrè Tí Wọ́n Fín Sára Eegun

Láti nǹkan bí ọdún 1250 títí di 1046 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọba ìdílé Shang jọba ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, olú-ìlú wọn sì wà nítòsí ibi tí a ń pè ní Anyang lónìí. Ní ayé wọn, ìsìn àti ìṣàkóso kò yàtọ̀ síra. Kí ọba tó jagun tàbí kí ó tó rúbọ, ó ní láti bi àwọn baba ńlá rẹ̀ àti Di, ọlọ́run gíga tí ń pàṣẹ òjò àti ẹ̀fúùfù, léèrè. Màlúù, àgùntàn, ajá, àti àwọn ènìyàn Qiang tí wọ́n kó lógun ni wọ́n fi ń rúbọ.

Ìkarahun abẹ́ ikùn ìjàpá tàbí eegun èjìká màlúù ni wọ́n fi ń ṣe ìbéèrè náà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi ohun gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi sán. Bí ó bá ti sán ni ọba yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fín ọjọ́ àti ìbéèrè sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtumọ̀ ọba àti ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Fu Hao, aya Ọba Wu Ding, lóyún, wọ́n bèèrè bóyá ìbí rẹ̀ yóò dára. Ọba dárúkọ ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 10 wọn tí ìbí yóò fi jẹ́ ti ire. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, obìnrin náà bímọ ní ọjọ́ mìíràn. Àkọsílẹ̀ ní kò dára: ọmọbìnrin ni. Ìdájọ́ yìí ṣeni ní kàyéfì, nítorí Fu Hao fúnra rẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ń kó ogun lẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ìròyìn tí kò dùn mọ́ ààfin nínú wà nínú ìwé ààfin.

Nígbà tí ó ṣe, nǹkan yí padà. Lábẹ́ àwọn ọba ìkẹyìn, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sábà ń bèèrè, òun náà ni ó ń dáhùn. Ètò ẹbọ, ọdẹ, àti bóyá ọjọ́ 10 tí ń bọ̀ kò ní mú ewu wá ni ó gba ipò ìbéèrè nípa àìsàn àti ìbímọ. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ire nìkan ni ìdáhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1046, àwọn Zhou ṣẹ́gun Di Xin, ọba tí ó kẹ́yìn, wọ́n ní Ọ̀run ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun nìyẹn. Kò yẹ kí a gbà á láìwádìí.

Àwọn eegun náà pẹ́ nínú ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń hú wọn, wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn olóògùn ní eegun dírágónì. Ní 1899 ni Wang Yirong, ìjòyè kan ní Beijing, dá ìkọ̀wé ara wọn mọ̀. Ìwalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Ní 1976 ni a rí ibojì Fu Hao. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni a ti ń gba ẹ̀rí Wu Ding gbọ́ lónìí. Kí ni a fẹ́ fi ire tí àwọn ọba ìkẹyìn ń sọ fún ara wọn ṣe?