Àṣẹ Aago 9:37

Ọ̀rọ̀ owó ló fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Amazon tó ń bójú tó S3 ń wá ìdí tí ètò tó ń ṣírò owó oníbàárà fi ń fà nílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí í já èèyàn láyà. Ibi ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, fáìlì ń wọlé, fáìlì ń jáde; bíìlì nìkan ló ń lọ́ra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lo S3 láìmọ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2006, ni Amazon ti ń fi í háyà àyè ìpamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè sanwó. Àwòrán orí ìkànnì, fídíò, ìwé àkọsílẹ̀, ẹ̀dà dátà tí ilé-iṣẹ́ fi pamọ́ nítorí ọjọ́ burúkú, kò sí èyí tí kì í gbà. Lọ́dún tí à ń wí yìí, sẹ́ńtì 2.3 lóṣù ni gígábáìtì kan ní àgbègbè Northern Virginia, fún tẹ́ráábáìtì 50 àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Sẹ́ńtì ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní láti ka sẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tí kò lóǹkà, tí ìbéèrè wọn kì í dáwọ́ dúró tọ̀sán tòru, kò lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kà á. Agbo sáfà ni iṣẹ́ bíìlì náà gbára lé.

Àgbègbè Northern Virginia yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní us-east-1. Òun ni àgbà nínú gbogbo àgbègbè tí Amazon ní. Kí ọ̀rọ̀ aago má baà dà wá rú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ nísinsìnyí: aago Seattle, níbi tí orílé-iṣẹ́ Amazon wà, ni wọ́n fi kọ ìròyìn wọn, òun náà ni mo máa tẹ̀ lé. Virginia fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, Èkó fi mẹ́sàn-án.

Aago 9:37 àárọ̀. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n fún láṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ìwé ìlànà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, ó sì tẹ àṣẹ kan. Ohun tó fẹ́ ṣe ni pé kó yọ sáfà díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ka kan tí ètò bíìlì ń lò. Ọ̀kan nínú ohun tó kọ sínú àṣẹ náà kò tọ̀nà. Sáfà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ ju èyí tó ní lọ́kàn lọ fíìfíì.

Ohun tí Amazon sọ nípa ìṣẹ́jú yẹn kò jù báyìí lọ. Wọn kò tẹ àṣẹ náà síta, wọn kò sì dárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti bójú tó agbo sáfà láti ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Kò sí àwòrán sáfà kankan tí o máa nàka sí. Ìlà kan ṣoṣo ni: orúkọ irinṣẹ́, orúkọ agbo tí o fẹ́ fọwọ́ kàn, iye wọn tàbí àmì tó ń yan àwọn tọ́rọ̀ kàn, ó di Enter. Àmì ìràwọ̀ kan tó bọ́ síbi tí kò yẹ lè sọ ẹyọ kan di ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ náà sì ni agbára rẹ̀ wà. Ta ni yóò jókòó máa tẹ bọ́tìnnì fún ẹgbẹ̀rún sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan? Irinṣẹ́ tó ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, bó ṣe ń yá fún iṣẹ́ rere náà ló ń yá fún iṣẹ́ ìbàjẹ́. Kò ní wò ọ́ lójú, kò ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú, àyàfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kọ ìbéèrè yẹn sínú rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn sáfà tó lọ kì í ṣe ti bíìlì nìkan. Ẹ̀ka méjì mìíràn ló fẹ̀yìn tì wọ́n. Èkíní ni ẹ̀ka atọ́ka, òun ló mọ ibi tí gbogbo ohun tó wà nínú S3 ní àgbègbè náà wà àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe jẹ́. Àṣẹ mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ lílo S3: GET láti mú nǹkan, PUT láti fi nǹkan pamọ́, LIST láti wo ohun tó wà níbẹ̀, DELETE láti pa á rẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kì í gba ọ̀dọ̀ atọ́ka kọjá. Ẹ̀ka kejì ló ń pín àyè fún ohun tuntun tó bá ń wọlé. PUT kò lè dá ṣe láìsí i, òun náà kò sì lè dá ṣe láìsí atọ́ka.

Bí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan bá wà, tí ìwé tí wọ́n kọ ipò ẹrù sí sọnù, àpò kan lè má dín nínú ẹrù, ilẹ̀kùn lè má já, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí ẹrù rẹ̀ gbé lọ lọ́jọ́ náà. Bí S3 ṣe rí nìyẹn. Amazon a máa sọ nípa rẹ̀ pé wọ́n kọ́ ọ kí ohun tó wà níbẹ̀ lè wà láìsọnù dé ìwọ̀n 99.999999999 nínú ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà 9 mọ́kànlá ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ìlérí ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìlérí pé ẹrù rẹ kò ní sọnù, ọ̀tọ̀ ni. Pé wàá rí i gbà nígbà tí o bá wá a, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Ká ní sáfà díẹ̀ péré ló lọ ni, oníbàárà kankan kì bá tí mọ̀. Wọ́n kọ́ S3 láti fara da ikú sáfà. Yíyọ ọ̀kan kúrò kí òmíràn rọ́pò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Èyí tó lọ ní 9:37 ti kọjá ohun tí a fi ń fara dà. Ẹ̀ka méjèèjì ní láti tún tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, títí wọn yóò sì fi tàn, S3 Virginia kò ní lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ní Virginia, aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu ní gbogbo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Quora kò ṣí mọ́. Trello dákú. Lórí Slack, ọ̀rọ̀ ń lọ ṣùgbọ́n fáìlì ń há. Àwọn iṣẹ́ mìíràn tí Amazon fúnra rẹ̀ ń tà náà ń kó nǹkan sí S3, nítorí náà wọ́n bá a lọ. EC2 kò lè tan kọ̀ǹpútà tuntun. Dísíìkì EBS tó fẹ́ mú dátà láti inú snapshot rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà rẹ̀ tó wà ní S3, dúró gbagidi. Lambda náà fara gbá a. Ojú-ìwé tí èèyàn fi ń bójú tó S3 láti inú bíráósà kọṣẹ́, ẹni tó sì sáré bọ́ sójú dúdú tirẹ̀ láti tẹ aws s3 ls, àṣìṣe ló máa bá pàdé: LIST ni àṣẹ yẹn ń rán níṣẹ́, ọ̀dọ̀ atọ́ka sì ni LIST ń lọ.

Èyí tó wá jọ ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ ni ti ojú-ìwé ìlera. Amazon ní ojú-ìwé kan tí wọ́n fi ń kéde bí iṣẹ́ wọn ṣe ń ṣe sí, tí àmì àwọ̀ ewé máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ara rẹ̀ bá le. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí àwọn àmì náà padà gbára lé S3. Fún wákàtí méjì gbáko, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 11:37, wọn kò rí àmì kankan yí padà lórí rẹ̀. Orí Twitter ni wọ́n sá lọ láti kéde, wọ́n sì lẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ òkè ojú-ìwé náà. Is It Down Right Now, ìkànnì tí aráyé ń lọ láti mọ̀ bóyá ìkànnì mìíràn ti kú, bá wọn dákú. Ẹ̀kọ́ ṣíṣe ètò ìpamọ́ wà nínú èyí ju ti àṣìtẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n ń kọ́ ojú-ìwé náà, ó dájú pé ó bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tó kọ́ ọ láti kó nǹkan rẹ̀ sí S3, torí S3 kì í kú.

Irú àṣìtẹ̀ yìí kì í ṣe ti Amazon nìkan. Kò tíì pé oṣù kan nígbà náà tí ẹnjiníà kan ní GitLab, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, tẹ àṣẹ ìparẹ́ sórí sáfà dátàbéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó rò pé orí èkejì rẹ̀ ni òun wà. Nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 ló ṣẹ́ kù kó tó dá a dúró. Ti GitLab burú ju èyí lọ ní ọ̀nà kan, torí dátà nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n GitLab àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ni tiwọn kàn. Ti Virginia kan ẹni tí kò gbọ́ orúkọ S3 rí.

Láti 11:37 lọ, ojú-ìwé ìlera ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́, S3 kò sì tíì jí. Kí ló dé tí títan ẹ̀ka kan fi gba ọ̀pọ̀ wákàtí? Amazon fúnra wọn ló dáhùn: ní àwọn àgbègbè ńlá, ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọn kò ti pa ẹ̀ka atọ́ka tàbí ẹ̀ka tó ń pín àyè pátápátá kí wọ́n tún un tan. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, S3 ti gbòòrò débi pé títan rẹ̀ àti yíyẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì pé, gba àkókò ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Àyẹ̀wò yẹn kò sì ṣeé fò. Atọ́ka tó bá jí lójijì, tó ń purọ́, burú ju èyí tó sùn lọ: á fún ẹlòmíràn ní fáìlì ẹlòmíràn, tàbí kó ka àyè tí nǹkan wà sí òfìfo, kí wọ́n wá kọ nǹkan mìíràn lé e. Àwọn tó ń tún un ṣe mọ èyí, ayé sì ń pariwo lé wọn lórí. Mo gbà pé ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ náà ni pé wọn kò yára ju bó ti yẹ lọ.

Aago 12:26 ọ̀sán. Atọ́ka ti ní sáfà tó pọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í gba GET, LIST àti DELETE díẹ̀díẹ̀. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí ìkànnì. Ní 1:18, atọ́ka ti bọ̀ sípò pátápátá, àwọn àṣẹ mẹ́ta yẹn ń lọ geerege. PUT ṣì ń dúró. Ẹ̀ka tó ń pín àyè kò lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ àfi tí atọ́ka bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ilé ìpamọ́ tó tóbi tó báyìí wà níbẹ̀ tí èèyàn lè mú nǹkan jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì gba nǹkan tuntun bó ṣe yẹ. Ó di 1:54 kí òun náà tó parí. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 17 láti ìgbà tí wọ́n tẹ Enter. L'Ékòó, aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Fún S3, iṣẹ́ ti parí. Fún àwọn tó fẹ̀yìn tì í, kò tíì parí: iṣẹ́ tó ti kóra jọ látàárọ̀ ṣì tò lọ jàn-ànràn, àwọn mìíràn sì ní láti ṣe é tán kí wọ́n tó gbádùn ara wọn. Cyence, ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ewu orí íntánẹ́ẹ̀tì, fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà inú S&P 500 pàdánù. Èmi kì í gbára lé irú àfojúbù bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Wákàtí mẹ́rin tí èèyàn kò rí ọjà tà kì í ṣe pé oníbàárà kò padà wá rà á ní wákàtí karùn-ún.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé àṣìtẹ̀ kan ló da íntánẹ́ẹ̀tì dorí kodò. Àkọlé tó dùn ni, ṣùgbọ́n ìka ló bá wí, ó fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tẹ àṣẹ lójoojúmọ́ tí kì í ṣì í tẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni ìdí tí irinṣẹ́ kan fi gbà kí ẹ̀ka tí gbogbo S3 dúró lé lórí lọ sílẹ̀ débi tí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́, láì kọ̀, láì lọ́ra. Nínú àlàyé tí Amazon gbé jáde lẹ́yìn náà, irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe: ó ní láti máa yọ sáfà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ tó bá máa mú ẹ̀ka kankan lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tó kéré jù tó lè fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń yẹ àwọn irinṣẹ́ yòókù wò bóyá irú ààbò yẹn wà nínú wọn. Wọ́n tún ètò ojú-ìwé ìlera ṣe kó lè máa ṣiṣẹ́ láti àgbègbè tó ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó gùn jù nínú iṣẹ́ náà ni ti atọ́ka. Wọ́n ti máa ń pín àwọn ẹ̀ka ńlá sí ìsọ̀rí kéékèèké, kí èyí tó bá kú má fa ìyókù lọ, kí ó sì ṣeé dán wò pé a pa á, a tún un tan. Ti atọ́ka wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ tún pín sí i nígbà tó bá yá lọ́dún náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, wọ́n fà á síwájú, ó di iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀.