Sìmẹ́ńtì Ọdún 1975 àti Ẹnu Èbúté Àpápá

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń kọ́ kò gbọ́ rí pé ìgbà kan wà tí ọkọ̀ òkun tò lọ súà níwájú Èkó, bí ẹni pé ogun ni wọ́n gbé wá bá ìlú. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n kó. Ní ọdún 1975 ni èyí ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀ dáradára, nítorí kì í ṣe àìlówó ni ó ba ètò náà jẹ́.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Láàárín 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ní ọjà àgbáyé, owó sì wọ àpò ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Ìjọba fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ-ogun, ó sì fẹ́ la ọ̀nà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Sìmẹ́ńtì tí a ń ṣe nílé kò tó. Nítorí náà a kọjú sí òkè òkun.

Àdéhùn 109 ni ìjọba bá oníṣòwò 68 ṣe. Tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì tí ó rà lé ní mílíọ̀nù 16, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ti sìmẹ́ńtì yìí, èbúté Èkó àti Àpápá nìkan ni ìwé àdéhùn dárúkọ. Èbúté náà kò sì lè gbà ju mílíọ̀nù kan sí márùn-ún tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kíláàsì kẹfà fi márùn-ún pín 16: ó lé ní ọdún mẹ́ta. Bí ó bá fi ọ̀kan pín in, ọdún 16 gbáko ni.

Kí ni wọ́n rò? Ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ síta lẹ́yìn náà: ìjọba gbà pé ìdá kan péré nínú márùn-ún àwọn oníṣòwò náà ni yóò lè mú àdéhùn ṣẹ. Ìdá kan nínú márùn-ún mílíọ̀nù 16 jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀, èbúté sì lè rí i gbà bí ó bá sa gbogbo ipá rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọn kò ṣírò rárá. Wọ́n ṣírò ewu pé ẹni tí ó tajà lè yẹ àdéhùn. Wọn kò ṣírò ewu pé ó lè mú un ṣẹ. Ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn yóò san owó ìdádúró, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní dẹ̀mọ́réèjì. Ta ni kò ní wá?

Wọ́n wá. Owó ìdádúró ọkọ̀ kan ju 3,000 dọ́là lọ lójúmọ́. Ọkọ̀ 100 tí ó kàn ń mì lórí omi lásán yóò gba 300,000. Ìrì òkun ń mú sìmẹ́ńtì dì gbagidi nínú ọkọ̀. Ẹrù àwọn oníṣòwò mìíràn, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, dúró sẹ́yìn wọn, owó ọkọ̀ sì gbówó lórí.

A gbàjọba lọ́wọ́ Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975. Nínú oṣù kẹjọ, ìjọba Murtala Mohammed bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ àti owó dúró. Àwọn oníṣòwò pe ẹjọ́. Ní London ní 1977, nínú ẹjọ́ Trendtex, àti ní New York ní 1981, àwọn adájọ́ wí pé ìjọba tí ó bá wọ ọjà bí oníṣòwò kò lè fara pamọ́ sábẹ́ ipò ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń ka ẹjọ́ wọ̀nyí.

Ọgbọ́n tí ì bá gbà wá kò sì ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Láti 1957 ni Kelley àti Walker ti ṣe ìlànà fún ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, láti fi mọ iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tí ìdádúró rẹ̀ yóò dá gbogbo yòókù dúró. Ní ti Èkó, èbúté ni. A kọ́ èbúté tuntun sí Tin Can Island láti dín ìdíwọ́ náà kù, a sì ṣí i ní ọdún 1977.